Bí Wi-Fi Ṣe Lè Dé Gbogbo Yàrá Inú Ilé Ìtura

Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ máa ń kọ sára pátákó wọn, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, Wi-Fi náà kì í kọjá ìdí káńtà. Àlejò á sanwó yàrá ní àjà kẹta, á tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, á sì rí i pé àfi kí òun sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sí ibi ìgbàlejò pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn kí iṣẹ́ náà tó lè lọ. Bí ẹjọ́ bá ti pọ̀, ohun tí onílé ìtura sábà máa ń ṣe ni pé kó ra dátà sí i, tàbí kó lọ ra ráútà mìíràn tó ní áńtẹ́nà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí. Owó á lọ, ẹjọ́ ò ní tán. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ráútà kan ṣoṣo, bó ti wù kó lágbára tó, kò lè kárí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọ́. Wáyà ló yẹ kó gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé àjà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn access point kéékèèké (ẹ̀rọ tó ń sọ íntánẹ́ẹ̀tì inú wáyà di Wi-Fi) sì wá máa pín in fún yàrá tó wà nítòsí wọn. Ilé tí mo ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí ni irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, yàrá 10 ní àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la àárín kọjá, báà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn àríyá lẹ́yìn ilé, àti jẹnẹrétọ̀ ní kọ̀rọ̀ ọgbà. Bí tiyín bá kéré sí i tàbí tó tóbi jù ú lọ, ìlànà náà kò yí padà. Iye ẹ̀rọ nìkan ló máa yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àlejò máa ń pè ní “Wi-Fi yín ò dáa”, oògùn wọn kò sì jọra. Ó lè jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rà láti ìta ni kò tó. Ó lè jẹ́ pé ó tó, àmọ́ ìgbì Wi-Fi kò dé yàrá. Ó sì tún lè jẹ́ pé ìgbì dé yàrá dáadáa, àmọ́ ráútà kò rí àyè gba fóònù mìíràn mọ́.

Láti mọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ara ráútà tààrà, ẹ pa Wi-Fi orí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ wá wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára sí lórí fast.com tàbí speedtest.net. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ ṣe é lọ́sàn-án, kí ẹ sì tún ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí àlejò ti wọlé tán, torí alẹ́ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ máa ń hàn. Bó bá lọ́ra lórí wáyà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí access point tó lè pín ohun tí kò sí nílé.

Iye tó yẹ kó tó kò ṣòro láti ṣírò. Mbps ni a fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì. Netflix fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn 5 Mbps fún ẹnì kan tó ń wo fídíò 1080p, àti 15 Mbps fún 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù ú lọ. Bí yàrá 30 bá kún, tí àlejò 12 nínú wọn sì ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 60 Mbps ti lọ nìyẹn kí a tó ka ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp àti kámẹ́rà ọgbà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ MiFi kékeré tí wọ́n ṣe fún ènìyàn bíi mẹ́wàá kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nílé ìtura. Bí wáyà fíbà bá ti dé àdúgbò yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá tíì dé, ráútà 4G tàbí 5G tí a gbé síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ fóònù ti lágbára jù lọ nínú ilé lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí àwo rẹ̀ kò sì fẹ́ igi tàbí táǹkì omi tó máa dí i lójú ọ̀run. Ilé ìtura tó bá lágbára rẹ̀ yẹ kó ní ọ̀nà méjì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì, kí ráútà lè bọ́ sórí èkejì fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò lójú títì bá gé fíbà.

Bó bá jẹ́ pé ó yára lórí wáyà, tó sì lọ́ra nínú yàrá, ẹ ti mọ̀ pé ìgbì ni kò dé. Àyẹ̀wò tó kàn ni kí ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ gbé app tó ń jẹ́ WiFi Analyzer sórí fóònù Android. Ẹni tó ń lo iPhone lè lo AirPort Utility ti Apple, kó sì tan Wi-Fi Scanner rẹ̀ nínú Settings. App náà máa fi agbára ìgbì hàn ní dBm, iye tó máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, tó sì jẹ́ pé bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ìgbì ṣe lágbára tó. -50 dára gan-an. -67 ni kò yẹ kí ó wálẹ̀ kọjá bí àlejò bá máa ṣe ìpàdé lórí Zoom láìsí ìdádúró. Ní -75, WhatsApp ṣì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ fídíò á máa dúró, á máa rìn; bó bá ti dé -80, orúkọ Wi-Fi lásán ni àlejò ń rí. Ẹ rántí pé ìṣirò yìí kì í rìn bí ti owó: bí iye náà bá fi 3 wálẹ̀, agbára ìgbì ti dín sí ìdajì, bó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì ju app lọ. Ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lọ sí ibi ìgbérí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì gbé fóònù síbi tí ẹni tó sùn máa gbé e sí, torí ibẹ̀ ni àlejò ti ń lò ó. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí ń tan ara rẹ̀ ni. Ẹ wọ̀n ọ́n nídìí tábìlì ìkọ̀wé, ẹ wọ̀n ọ́n nínú balùwẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: nọ́ńbà yàrá, ibi tí ẹ dúró sí, iye tí ẹ rí. Bí ẹ bá ti ṣe èyí ní gbogbo yàrá, ẹ máa rí i pé àwọn ibi tí kò dáa kì í wà káàkiri. Wọ́n máa ń kójọ sí apá kan ilé, ìdí sì máa ń wà fún un.

Ohun tó ń dí ìgbì lọ́nà

Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ń jẹ nínú agbára ìgbì, ìdí sì nìyẹn tí yàrá kẹta sí ráútà fi máa ń yàtọ̀ gidigidi sí èkíní. Dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré tó wà láàárín àjà méjì, burú jù ú lọ, nítorí ọ̀pá irin tí wọ́n hun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ilẹ̀kùn irin tí a fi ń dènà olè, jígí ńlá ara wọ́dúróòbù, fíríìjì, táǹkì omi, gbogbo wọn ló ń dá ìgbì padà tàbí tí wọ́n ń mu ún. Ẹ̀rọ máíkírówéèfù inú ilé ìdáná ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 2.45 GHz, nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi gbé oúnjẹ gbóná lọ́wọ́, Wi-Fi orí ìgbì 2.4 nítòsí rẹ̀ á máa gé.

Ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń lò. Ìgbì 2.4 GHz ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò yára tó o, ariwo sì pọ̀ lórí rẹ̀ nítorí gbogbo aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Ìgbì 5 GHz yára, àyè sì pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri máa ń tètè borí rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ access point tó sún mọ́ àlejò fi dára ju ẹyọ kan tó jìnnà lọ: àlejò tó bá sún mọ́ ọn á lè lo ìgbì 5.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo ibi tí ráútà yín wà báyìí. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn fírísà báà, mo ti rí èyí tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin pẹ̀lú ẹ̀rọ kámẹ́rà, mo sì ti rí èyí tó wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì mánéjà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ síbi gíga tí kò sí irin níwájú rẹ̀, kí ó sún mọ́ àárín ilé. Ẹ na áńtẹ́nà rẹ̀ sókè gbọọrọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà ni ìgbì ń gbà jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ jáde láti ṣóńṣó rẹ̀. Èyí tí a bá dojú rẹ̀ kọ yàrá bí ìbọn ń ṣe òdìkejì ohun tí a fẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí lè gba yàrá méjì tàbí mẹ́ta là lójú ẹsẹ̀. Kò lè gba àjà kẹta.

Ẹ̀rọ extender tí wọ́n ń kì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré sí lẹ́yìn èyí, n kò sì gba onílé ìtura nímọ̀ràn láti rà á. Extender tó ń fi ìgbì kan náà gba ọ̀rọ̀, tó sì ń fi í sọ ọ́ jáde, gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìyára tó kù fún àlejò kì í ju nǹkan bí ìdajì lọ. Bí ẹ bá fi ìkejì gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èkíní, ìdajì ìdajì ló kù. Àlejò á rí àmì Wi-Fi tó kún, kò sì ní rí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń múnú bí ènìyàn ju kó má rí nǹkan kan rárá lọ.

Wáyà àti access point

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ wá ibi kan tó ṣeé tì, tó sì ní afẹ́fẹ́, ọ́fíìsì mánéjà tàbí yàrá kékeré lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ gbé ráútà àti switch (àpótí oníhò púpọ̀ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sí wáyà kọ̀ọ̀kan) síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wáyà kọ̀ọ̀kan á ti gbéra lọ bá access point tirẹ̀ tààrà, láìdúró lọ́nà. Wáyà Cat6 ni kí ẹ lò; Cat5e náà ṣì gbé e. Gígùn wáyà kan kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 100 láti switch dé access point, ní ilé alájà mẹ́ta, èyí kì í sì í ṣe ìṣòro.

Ìbẹ̀rù tí onílé máa ń ní ni pé wọ́n á fọ́ ògiri òun. Kò di dandan. Ẹ wo ibi tí wáyà tẹlifíṣọ̀n gbà láti orí òrùlé wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, torí páìpù tàbí ihò tó gbé wáyà DStv sábà máa ń ní àyè fún wáyà mìíràn. Sílíìnì POP ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà máa ń ní àlàfo lókè tí a lè fa wáyà gbà. Ohun tí kò yẹ kí ẹ gbà fún oníṣẹ́ ni kó ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ páìpù kan náà tí wáyà iná gbà: ó ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì rú, ó sì léwu fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí wáyà iná bá bó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ríra wáyà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọjà wa, títí kan Computer Village ní Ìkẹjà, wáyà tí kọ́pà bo alumíníọ̀mù inú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wáyà tó jẹ́ kọ́pà látòkè délẹ̀, páálí wọn sì lè jọra. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á. Kò pẹ́ púpọ̀ tí orí rẹ̀ á fi máa kán níbi tí wọ́n ti kì í bọnú ẹ̀rọ, iná tí switch ń fi ránṣẹ́ sí access point á sì máa dín kù lójú ọ̀nà, wáyà á tún máa gbóná. Láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gé díẹ̀ tó gùn tó ìka kan nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ bó èèpo ìta, ẹ mú ọ̀kan nínú okùn mẹ́jọ inú rẹ̀, ẹ bó òun náà, kí ẹ wá fi ojú ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá pupa dé inú, kọ́pà ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa náà, ẹ dá a padà. Ẹ tún gbé páálí náà wò lọ́wọ́: páálí wáyà kọ́pà gidi máa ń wúwo. Wáyà ni ohun tí ẹ kò ní fẹ́ tún fà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà òun ni kí ẹ náwó sí jù lọ, kí ẹ tilẹ̀ fi ẹyọ méjì sí ibi tí ẹ bá ti ń fa ọ̀kan bí àyè bá wà.

Ní ti ibi tí access point máa wà, ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín àlejò àti access point tó ń lò má ṣe ju ọ̀kan lọ, kí dẹ́kìn má sì sí láàárín wọn rárá. Àjà tó ní yàrá 10, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, máa ń fẹ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí sílíìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ìlà kan. Ó rọrùn láti fà, ó sì lè tó bí ilẹ̀kùn yàrá bá jẹ́ pákó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, àwọn access point ń rí ara wọn kedere, wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn irin sì tún ń dí yàrá mọ́ wọn. Ohun tó sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ fi wọ́n sínú yàrá fúnra wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ìkejì lósì, ìkẹta lọ́tùn-ún, kí èyí tó wà ní àjà kejì má sì ṣe wà lórí tìsàlẹ̀ gan-an. Irú kan wà tó kéré, tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí àlejò kì í tilẹ̀ kíyè sí. Ẹ fi ọ̀kan kún un fún ibi ìgbàlejò àti báà, ó di 10 nínú ilé ńlá.

Gbọ̀ngàn àríyá fẹ́ ètò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ọ̀tọ̀ nínú ọgbà, wáyà fíbà ni kí ẹ fi so ó mọ́ ilé ńlá, kí ẹ fi switch kékeré síbẹ̀, kí access point méjì máa jẹ nínú rẹ̀. Fíbà kì í gbé iná, nítorí náà, bí ààrá bá sán sí apá kan, kò ní gba ara rẹ̀ kọjá lọ jó ohun tó wà ní apá kejì. Ẹni tó bá ti rí bí ẹ̀rọ ṣe ń kú lẹ́yìn òjò oṣù kẹrin á mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí.

Iná ọba, jẹnẹrétọ̀ àti switch

Ẹ ra switch tó lè fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní PoE. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ọba ti ń lọ tó sì ń bọ̀ nígbàkúùgbà, kò sí ohun tó dára tó o fún ilé ìtura, nítorí gbogbo access point á máa jẹ iná láti ojú kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti so switch àti ráútà náà mọ́ ìńfátà tàbí UPS, Wi-Fi kò ní kú ní gbogbo ilé láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Láìsí èyí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á kú, á sì gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jí, ìpàdé tí àlejò wà lórí rẹ̀ á sì já.

Ẹ ṣírò iná náà kí ẹ tó sanwó. Ìlànà PoE tí wọ́n ń pè ní 802.3af ń fi tó wáàtì 15.4 ránṣẹ́ láti ihò kọ̀ọ̀kan lára switch, 802.3at sì ń fi tó 30. Ṣùgbọ́n switch tún ní iye tó lè gbé lápapọ̀. Bí access point 10 bá ń jẹ wáàtì 13 lọ́kọ̀ọ̀kan, wáàtì 130 nìyẹn. Switch oníhò 16 tí agbára rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 120 kò ní gbé wọn tán, bí ihò rẹ̀ tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ tún so irin ilẹ̀ mọ́ àpótí tí switch wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ mànàmáná sí wáyà èyíkéyìí tó bá ti ìta wọlé.

Bí ẹ ó ṣe tò ó nínú

Orúkọ Wi-Fi kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan ni kí gbogbo access point máa lò. Ilé tó ní “Àjà 1”, “Àjà 2” àti “Àjà 3” ń fipá mú àlejò láti máa yan Wi-Fi bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, fóònù á sì máa rọ̀ mọ́ èyí tó ti jìnnà sí i. Ẹ ra access point tí a lè darí láti ojú kan, irú bí Omada ti TP-Link tàbí UniFi ti Ubiquiti, kí ẹ má baà máa wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí ìgbì 2.4, ìkànnì (channel) mẹ́ta péré ni kì í dí ara wọn lọ́wọ́: 1, 6 àti 11. Bí àjà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 1, 6, 11, ẹ fi 11, 1, 6 sí àjà kejì, kí ẹ sì fi 6, 11, 1 sí ẹ̀kẹta, kí àwọn tó wà lókè ara wọn má baà máa lo ìkànnì kan náà. Ẹ fi fífẹ̀ ìkànnì sí 20 MHz níbẹ̀, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tan yín láti fi í sí 40 kó lè yára. Lórí ìgbì 5, àyè gbòòrò, 40 MHz sì dára fún ilé ìtura.

Ẹ wá dín agbára access point kù. Èyí máa ń yani lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń wá Wi-Fi tó lágbára rò pé kí òun fà á dé òpin ni. Fóònù àlejò kò ní agbára tó ti access point láti fi dáhùn. Access point tó ń lo gbogbo agbára rẹ̀ dà bí ẹni tó mú gbohùngbohùn dání, tó ń bá ẹni tó ní ohùn ẹnu rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀ láti òkèèrè: àlejò ń gbọ́ ọ, òun kò gbọ́ àlejò. Nítorí náà ni àmì fi máa ń kún tí nǹkan kan kì í sì í lọ. Ẹ fi ìgbì 5 sí àárín, kí ẹ sì fi 2.4 sí nǹkan bí 6 dB sísàlẹ̀ rẹ̀, kí fóònù lè máa yan ìgbì 5 fúnra rẹ̀. Ẹ sì pa àwọn ìyára àtijọ́, 1, 2, 5.5 àti 11 Mbps, lórí 2.4, fóònù tó ti jìnnà á lè fi access point àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ bá èyí tó sún mọ́ ọn.

Ìṣòro kẹta tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ti ráútà tí kò láyè mọ́, máa ń hàn ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn tó wá ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn á gba pásíwọ́ọ̀dù, fóònù wọn á gba àdírẹ́sì (IP address, nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀) lọ́wọ́ ráútà, wọ́n á lọ sílé lálẹ́, àdírẹ́sì ọ̀hún á sì wà lórúkọ wọn títí di ọjọ́ kejì. Àlejò tó bá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́ á rí i pé fóònù òun ń kọ “Obtaining IP address” ṣáá, kò sì ní wọlé, bó tilẹ̀ jókòó sábẹ́ access point. Ètò tí ọ̀pọ̀ ráútà ń lò kò lè fúnni ní àdírẹ́sì tó ju 253 lọ, àwọn mìíràn ni a sì ti fi mọ sí 100. Ẹ wọ inú ètò DHCP rẹ̀, èyí tó ń pín àdírẹ́sì, ẹ dín àkókò tí fóònù ń fi di àdírẹ́sì mú kù láti wákàtí 24 sí méjì fún àwọn àlejò, tàbí kí ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó fẹ àyè náà sí ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ ní /23, tó ń fúnni ní àdírẹ́sì 509. Gbọ̀ngàn yẹ kó ní orúkọ Wi-Fi tirẹ̀, tí a ó máa pa nígbà tí kò bá sí òde.

Ẹ ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ilé: kọ̀ǹpútà ìdí káńtà, ẹ̀rọ POS àti kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú ẹni tó sùn sí yàrá 305, àlejò kan kò sì gbọ́dọ̀ rí kọ̀ǹpútà àlejò mìíràn. Ẹ fi òdiwọ̀n sí ìyára ẹnì kọ̀ọ̀kan, bíi 8 tàbí 10 Mbps, kí ẹni kan tó ń wa fíìmù sílẹ̀ má baà gba gbogbo rẹ̀. Ráútà MikroTik ń ṣe èyí dáadáa, ó sì lè tẹ káàdì Wi-Fi tó máa kú nígbà tí àlejò bá kúrò. Bí ojú ìwé tí ẹ fi ń gbà wọ́n wọlé bá ń béèrè nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì, ẹ mọ̀ pé òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kàn yín, nítorí náà ẹ má gba ohun tí ẹ kò nílò.

Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá parí

Kí ẹ tó san owó tó kù fún un, ẹ gbé ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde, kí ẹ sì tún wọn gbogbo yàrá bí ẹ ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ibi tí kò bá tíì dé -67 lórí ìgbérí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan fi WhatsApp pe ẹlòmíràn lórí fídíò láti ìdí káńtà, kó sì máa rìn gun àtẹ̀gùn lọ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta. Ìpè náà lè ṣe ìdákẹ́ díẹ̀ bí fóònù ṣe ń bọ́ láti ọ̀dọ̀ access point kan sí òmíràn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ já. Ẹ gba àwòrán ilé tó fi ibi tí access point kọ̀ọ̀kan wà hàn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ rí i pé ó kọ nọ́ńbà sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì, kí ẹ sì gba pásíwọ́ọ̀dù ètò náà kó wà lọ́wọ́ onílé. Bí oníṣẹ́ yẹn bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíràn á lè tún un ṣe.

Ẹ fi ìwé kan sí ìdí káńtà fún ẹjọ́ Wi-Fi nìkan. Kí òṣìṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀ kọ nọ́ńbà yàrá, aago, irú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, àti bóyá àmì Wi-Fi kún tàbí kò kún. Bí yàrá 207, 208 àti 209 bá jọ fara hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yẹ access point tó ń bọ́ wọn wò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti gbogbo ilé, tó sì jẹ́ pé láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ ló ń wáyé, ẹ tún fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ wo iye tó ń wọlé kí ẹ tó pe ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín.